Kílò Mẹ́wàá Tí A Fi Ẹnu Wọ̀n

"Ìyá ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ mìíràn, bí wọ́n bá bi yín ní kílò ọmọ yìí, ẹ má fi ìfẹ́ dáhùn. Òògùn kò mọ ìfẹ́. Iye tí ẹ bá pè ni wọn yóò bù fún un."

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ń ká aṣọ ibùsùn bó ṣe ń sọ ọ́, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn kò ti jẹ́ kí n sinmi, nítorí mo mọ̀ pé kò sí àdúgbò tí kò ní ìyá tí yóò dáhùn bíi tiwa. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Aránṣọ ni mí. Mo ka ìwé girama dé òpin, lẹ́yìn náà ni mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Kò sí obìnrin tí yóò fi ẹnu sọ ìbàdí rẹ̀ fún mi kí n gé aṣọ lé e. Wọ́n máa ń dín in kù. "Ogójì ni, àǹtí, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n." Màá rẹ́rìn-ín, màá na téèpù, ogójì á di mẹ́rìnlélógójì. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ránṣọ, n kò gé aṣọ lé ọ̀rọ̀ ẹnu rí. Ọmọ tèmi ni mo wá bu òògùn fún lórí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Òun ni ọmọ mi kejì, obìnrin. Oṣù rẹ̀ kò pé tí mo fi bí i. Kílò 1.9 ni wọ́n kọ sórí káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé ọmọ nìyí ni àbí ọmọlangidi?" Ó ṣe é bí àwàdà. Mo sunkún títí mo fi délé.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti máa bá mi wẹ ọmọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ, ó ṣe òfin kan nínú ilé wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọmọ yìí ní kékeré mọ́. Ẹni tó bá béèrè bó ṣe ń dàgbà, ohun tí a óò sọ ni pé ó ti tóbi, ó ti wúwo, apá wa kò ká a mọ́. Èyí kì í ṣe irọ́ lójú tiwa. Bí a ṣe máa ń sọ pé ara aláìsàn ti yá nígbà tí kò tíì lè jókòó nìyẹn. A ń fi ẹnu fa ohun tí à ń retí súnmọ́ ni. Èmi náà ń sọ ọ́. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní Òdógbolú, ń sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ fi máa pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ti di kílò mẹ́wàá ní ẹnu gbogbo wa. Lórí káàdì, lọ́jọ́ tó gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, kílò 6.8 ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ gbóná. Mo fi ẹ̀rọ wò ó lábíyá, ó jẹ́ 38.9. Mo tún un wò, iye kan náà ni. Ọkọ mi ti lọ sí ibi iṣẹ́. Ìyá ọkọ mi pọn ọmọ, a sì jọ rìn lọ sí ilé ìtajà òògùn tó wà ní ìkòríta wa.

Apòògùn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. N kò ní bu ẹ̀tẹ́ lù ú níbí, nítorí ìbéèrè tó yẹ ló béèrè.

"Kílò mélòó ni, mà?"

N kò tíì lanu tí ìyá ọkọ mi fi dáhùn. "Kílò mẹ́wàá. Ó tilẹ̀ ń lé e lọ."

Ọmọbìnrin náà na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, a sì ti fi súwẹ́tà, fìlà onírun àti ṣọ́ọ̀lù dì í. Imú rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Màámi, ìwọ̀n wà níbí. Ẹ jẹ́ n gbé e lé e, kò ní pẹ́."

"Gbé kí ni lé kí ni? Ọmọ èèyàn lo fẹ́ wọ̀n bíi gaàrí?" Ìyá ọkọ mi yí ẹ̀yìn padà kí ọwọ́ ọmọbìnrin náà má baà tó ọmọ. "Bí o bá wọ̀n ọ́n tán, ṣé wàá fi èènì sí i fún mi?"

Ọkùnrin kan tó ń ra òògùn ẹ̀fọ́rí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, èènì ọmọ kẹ̀? Ìbejì lẹ ń béèrè yẹn o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Apòògùn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà? Kílò mẹ́wàá?"

Káàdì wà nínú báàgì mi. Mo mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀kan ni pé n kò lè sọ níwájú àlejò pé ohun tí ìyá ọkọ mi sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì ló burú jù. Ẹ̀rù ń bà mí láti pe 6.8 lórí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá pè é, ibà náà yóò gbọ́.

Parasitamọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ ló fún wa, èyí tó máa ń wà nínú ìgò kékeré pẹ̀lú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ó kọ ọ́ sára páálí rẹ̀: mílí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́. Ó wá sọ fún mi pé, "Bí ara rẹ̀ kò bá rọ̀ títí ọ̀la, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn o, mà. Ẹ má jókòó tì í."

Aago méjìlá ọ̀sán ni mo fún un ní àkọ́kọ́. Mo fa ìlà sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí: ọjọ́, aago, iye òògùn, bí ara ṣe gbóná tó. Bí mo bá ń fa òògùn sínú sírínjì, màá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí n lè rí i pé kò fi bí orí abẹ́rẹ́ kọjá ìlà mílí kan àbọ̀. Bí atẹ́gùn bá wọ inú rẹ̀, màá dà á padà, màá tún un fà. Ìyá ọkọ mi ń yìn mí. "Ìyàwó mi kì í ṣe nǹkan jákujàku. Wò ó bó ṣe ń wò ó bí ẹni ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bí a bá fún un ní òògùn, ara á rọ̀ fún bíi wákàtí méjì, yóò sì tún gbóná padà. Nítorí pé ó ń rọ̀, a ń sọ pé ó ti ń yá. Ní Ọjọ́rú, kò gba ọ̀gì mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó yí ẹnu kúrò lẹ́nu ọmú. Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ." Èmi ni mo ní kí a wò ó di ọjọ́ kejì. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìyá ọkọ mi nìkan ni mo ń rojọ́ rẹ̀.

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti fa òògùn ẹlẹ́ẹ̀kejìlá sínú sírínjì nígbà tí ọmọ tún bì. Omi aláwọ̀ ewé ni. Kò sunkún. Orí rẹ̀ kàn ṣubú sí apá mi. Mo gbé sírínjì sílẹ̀, mo sì wá ìwé pélébé tó wà nínú páálí òògùn, pé bóyá wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa èébì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n ní kí òògùn ẹ̀ẹ̀kan má kọjá mílígíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù ló wà nínú mílí kan.

Mo mú ẹfun tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo kọ ọ́ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àádọ́jọ. Mílí kan àbọ̀ nìyẹn. Ìṣirò apòògùn péye. Mo wá kọ èkejì. 6.8 lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Mílí kan péré.

Ìdajì mílí ni mo fi ń lé e lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti fún un. Bí mo ṣe ń wo ìlà tó, bí mo ṣe ń lé atẹ́gùn jáde tó, iye tó lè pa á lára ni mo ń wọ̀n fún un láìsí àṣìṣe kankan. Nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé bó bá pọ̀ jù, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kígbe pe ọkọ mi.

Ìyá ọkọ mi wọlé. "Kí ló dé?"

"Màámi, òògùn ti pọ̀ jù fún un."

"Ta ló fún un ní púpọ̀? Ṣebí o máa ń wo ìlà?"

"Mo ń wò ó, mà. Ìlà ọmọ kílò mẹ́wàá ni."

Ó tú ìró, ó na ọwọ́ gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n. Ọkọ mi sáré jáde lọ pe kẹ̀kẹ́ márúwá. Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń fi ìka ṣí ìpéǹpéjú ọmọ láti wò ó bí funfun ojú rẹ̀ bá ti pọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ tí mo kà nínú ìwé náà. Ìmọ́lẹ̀ kò tó, n kò sì rí nǹkan kan dájú. Mo bẹ awakọ̀ pé kó yára, ó yára, ẹ̀rù tún bà mí pé yóò dà wá nù.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, "Kílò mélòó ni?"

Mo rí i tí ètè ìyá ọkọ mi mì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màámi." Lẹ́yìn náà mo sọ fún dókítà pé, "A kò mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ bá wa wọ̀n ọ́n."

Wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ lára rẹ̀, títí kan ìtẹ́dìí. Ìyá ọkọ mi kọjú sí ògiri. Ìwọ̀n náà ń lọ sókè sódò, ó wá dúró. 6.3. Àìsàn ti jẹ ìdajì kílò lára ọmọ mi láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé ìṣirò tí mo fi ẹfun ṣe nílé náà kò péye mọ́. Òògùn náà tilẹ̀ pọ̀ fún un ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo gbé ìwé mi fún dókítà. Ó kà á, ó ṣírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tirẹ̀. "Ó yẹ kó má ju ọgọ́ta mílígíráàmù lọ fún kílò kan lóòjọ́. Ó ti ń gba bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ó sì ń bì, kò jẹun." Ó wò mí. "Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí òògùn yìí kó tó jáde lára. Bí ebi bá ń pa ọmọ, agbára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á dín kù. A máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró de èsì kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìyá, ìwé tí ẹ kọ yìí ràn wá lọ́wọ́ gan-an."

N kò fẹ́ kó yìn mí. Mo bi í bóyá ó máa kú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká rí èsì ẹ̀jẹ̀ lọ́la ná." Kò sọ pé rárá.

Àyẹ̀wò ibà jáde kíákíá: ibà ẹ̀fọn ló ń ṣe é láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fi òògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ kún un. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ ibà dé, mo dìde dúró sí àárín òun àti ọmọ.

"Ẹ má bínú, mà. Mélòó lẹ fẹ́ fún un?"

Nọ́ọ̀sì náà, òun kan náà tó kìlọ̀ fún mi nígbẹ̀yìn, gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. "Mílígíráàmù mẹ́ta fún kílò kan. Kílò rẹ̀ jẹ́ 6.3. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀."

Mo fi ìka kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. "18.9."

"Kí ni mo kọ síbí?"

Mo wò ó. "18.9."

"Ṣé kí n gún un wàyí, àbí ẹ fẹ́ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

"Aránṣọ ni mí, mà."

"Aránṣọ tó ń parí aṣọ lọ́jọ́ àdéhùn, àbí àwọn tiwa yìí?"

Ìyá kan tó wà ní ibùsùn kejì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Mo yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gún ọmọ, ọmọ sì sunkún. Ó ti tó ọjọ́ kan àbọ̀ tí mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gùn. Ọkọ mi lọ sílé lọ wo ọmọ wa àgbà. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àga onírin, kò mu omi. Mo ń bínú sí i, mo sì ń bínú sí ara mi, n kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọmọ tó wà lórí ibùsùn ló ń wò.

"Mo bí ọkùnrin kan ṣáájú ọkọ rẹ. N kò sọ fún ọ rí. Ara rẹ̀ kò yá, mo gbé e lọ sí ibùdó ìwòsàn. Ẹni tó wọ̀n ọ́n kígbe iye rẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ tó ń kọ̀wé. Gbogbo èèyàn tó jókòó gbọ́, wọ́n pòṣé, wọ́n ń wò mí. Ọjọ́ kẹta ló lọ." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Láti ìgbà náà, ẹnu mi kì í lè pe iye kékeré mọ́ ọmọ."

Ìbínú mi kò lọ tán, ṣùgbọ́n n kò rí ibi gbé e sí mọ́. Mo ní, "Màámi, èmi ni mo ní káàdì lọ́wọ́." Mo bu omi fún un, ó mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, dókítà mú èsì dé. Bí mo ṣe rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ náà ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí òun ń bẹ̀rù. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ti wálẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìhòòhò, ó jẹ́ 6.5, wọ́n sì ní kí a máa lọ.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan mọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni mo ń gbé e lọ sí ojú fèrèsé láti wo funfun ojú rẹ̀. Bó bá sùn pẹ́, màá fi ọwọ́ sí i láyà. Ó ti ń rìn báyìí, ó ń fa aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀rù náà kò sì tíì tán lára mi.

Ìyá ọkọ mi ti padà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Kó tó lọ, aládùúgbò wa kan kí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ yín mà ti tóbi o! Á ti tó kílò mélòó?" Ìyá ọkọ mi wò mí, ó wo obìnrin náà, ó ní, "Ẹ bi ìwọ̀n."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń ka èyí, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Bí ara ọmọ kò bá yá tí wọ́n sì bi yín ní kílò rẹ̀, ẹ má méfò, ẹ má sì mú ti oṣù tó kọjá. Ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bọ́ aṣọ lára ọmọ, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín kí ẹ tó gba òògùn. Bí ẹni tó dàgbà jù yín lọ bá sì ti pe iye tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́.